Afẹ́fẹ́ Tó Ń Jẹ́ Àádọ́ta

Ẹ̀yin òǹwòran wa, ẹ kú ìjókòó. Tí ètè bá ti ń là ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, tí eruku sì bo àwọn òkè tó yí ìlú ká, ọyẹ́ ti dé nìyẹn, láti Sàhárà. Àmọ́ aṣálẹ̀ yẹn tún láwọn afẹ́fẹ́ mìíràn tó gbóná janjan, ẹni tó bá sì gbọ́ ìtumọ̀ orúkọ wọn ti mọ ìwà wọn.

Kàmsíìnì ni ti Íjíbítì. Àádọ́ta ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Lárúbáwá. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó ń fẹ́ fún àádọ́ta ọjọ́ gbáko. Rárá o. Nǹkan bí àádọ́ta ọjọ́ ni àsìkò tó lè dé, láàrin oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún. Bó bá dé, ọjọ́ kan sí mẹ́ta ló sábà máa ń lò. Ibi kan tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́ ló máa ń rìn lọ sí ìlà oòrùn lẹ́bàá Òkun Mẹditaréníà, tí á máa fa afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ láti gúúsù. Ooru lè kọjá 40°C, ojú ọ̀run á pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Bó bá kọjá tán, afẹ́fẹ́ tútù á ya wọlé láti ojú òkun.

Gíblì ni wọ́n ń pè é ní Líbíà, láti ara kíbílà tí a ń kọjú sí kírun. Ìlà oòrùn tó tẹ̀ díẹ̀ sí àríwá ni kíbílà wa ní Ifẹ̀. Ní Líbíà, gúúsù ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Bí afẹ́fẹ́ yìí bá sọdá òkun dé Ítálì, á di Sìrókò. Á ti mu omi òkun lọ́nà, nítorí náà ara á máa lẹ̀ mọ́ aṣọ, eruku inú rẹ̀ á sì bá òjò rọ̀ ní pupa.

Èyí tó yẹ kí a bẹ̀rù jù ni Samúùmù, tí orúkọ rẹ̀ tan mọ́ májèlé lédè Lárúbáwá. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú Kùránì, Súrà 15, áyà 27. Òógùn á gbẹ kí èèyàn tó mọ̀ pé òun ń làágùn, omi ara á sì máa tán lọ. Ẹ mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ yín, ẹ fi aṣọ bo imú àti ẹnu, ẹ ti fèrèsé.

Kí ló wá dé tí ọyẹ́ fi ń tutù? Ìgbà òtútù Sàhárà ló ń fẹ́. Kò sí ìkùukùu tó máa dá ooru ilẹ̀ dúró lóru. Púpọ̀ nínú eruku rẹ̀ wá láti Bodélé ní Ṣáádì, ìsàlẹ̀ adágún ńlá kan tó ti gbẹ láti ayébáyé.