Òkè kì í dún: Liszt àti píánò nílẹ̀ Swítsàlandì

Ẹ kú ìjókòó o. Kí n tó fọwọ́ kan píánò yìí, ẹ jẹ́ kí n bi yín: bí wọ́n bá ní kí ẹ fi orin ya òkè, ibo lẹ máa ti bẹ̀rẹ̀? Àwọn mìíràn á gbá ohùn ìsàlẹ̀ gbì-gbì-gbì, wọ́n á ní òkè nìyẹn. Èmi ò gbà. Òkè kì í dún. Omi ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń dún, àti agogo ọrùn màlúù, àti ohùn ẹni tó ké tí gbohùngbohùn dá lóhùn.

Franz Liszt, ọmọ ilẹ̀ Hungary tó ń tẹ píánò tó sì ń ṣẹ̀dá orin, mọ èyí. Ọmọ ọdún 23 ni nígbà tí òun àti Marie d'Agoult wọ Swítsàlandì ní 1835. Obìnrin náà ti filé ọkọ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. (Ìtàn ìyẹn gùn, ẹ jẹ́ á fi í sílẹ̀.) Púpọ̀ nínú orin tí ìrìnàjò náà bí ló padà tún ṣe, ó sì jáde ní 1855: orin 9, apá kìíní ìwé orin rẹ̀, Années de pèlerinage (Àwọn Ọdún Ìrìnàjò Mímọ́).

Orage wà níbẹ̀, tí ìjì ń jà. Ká sòótọ́, ó dùn ún wò ju bó ṣe dùn ún gbọ́ lọ. Ẹ gbọ́ ti adágún Wallenstadt. Òkè Churfirsten, tó ga ju mítà 2,000 lọ, dúró bí ògiri lórí omi náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ò dárúkọ òkè. Ohun kan náà ló ń tún sọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí àjẹ̀ tó ń wọ omi. Marie kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ò lè gbọ́ orin yìí kí òun má sunkún.

Ìkẹjọ ni tèmi: Le mal du pays, àárò ilé. Inú orin tí àwọn darandaran orí òkè fi ń pe màlúù ló ti wá. Rousseau, òǹkọ̀wé ọmọ Geneva, kọ ọ́ ní 1768 pé wọ́n fòfin de irú orin bẹ́ẹ̀ láàárín ọmọ ogun Swítsàlandì tó ń gbowó jagun lókèèrè, torí bí wọ́n bá gbọ́ ọ, ẹkún ni. Àwọn kan á sá, àwọn kan á kú. Ẹni tí àárò ilé bá ti sọ rí ò ní jiyàn.

Ohùn kan ṣoṣo ni Liszt fi bẹ̀rẹ̀, láìsí ègbè. Ó ké, ó dákẹ́. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ máa ń sáré kọjá ibi ìdákẹ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni òkè wà. Ẹ wo ẹsẹ̀ ọ̀tún mi: bí mo bá tẹ pẹ́dàlì, àwọn tìmùtìmù kéékèèké tó ń pa wáyà lẹ́nu mọ́ á gbéra, wáyà tí n ò tẹ̀ pàápàá á máa gbọ̀n, á máa dá èyí tí mo tẹ̀ lóhùn. Gbohùngbohùn inú àpótí nìyẹn.

Ó yá, mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa fáànù yẹn ná.