Wáàsí Jímọ̀: Ẹ̀ṣẹ̀ Wo Ló Gba Ikú, Ta Ló sì Lè Dá Ẹjọ́ Rẹ̀?

Àsàláámù àlékúmù, ẹ̀yin ará mi l'Ákùúrẹ́ àti káàkiri Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹ kú Jímọ̀ o.

Ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń bi wá lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ni pé, "Ààfáà, ẹ̀ṣẹ̀ wo gan-an ni wọ́n ń torí ẹ̀ pa èèyàn?" Ìbéèrè náà dára. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ọ̀pọ̀ wọn ti ní ẹni tí wọ́n fẹ́ pa lọ́kàn kí wọ́n tó wá béèrè.

Nínú Súrà Al-Isrá, áyà 33, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa pé ká má pa ẹ̀mí tí Òun ti ṣe ní ọ̀wọ̀, àfi pẹ̀lú ẹ̀tọ́. Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, wá sọ nínú hádíìsì tí Bukhárì àti Múslímù gbà wá pé ohun mẹ́ta ló lè sọ ẹ̀jẹ̀ Mùsùlùmí di ohun tí wọ́n lè ta sílẹ̀: kí ẹni tó ti ṣègbéyàwó rí lọ ṣe sìná, kí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ gba ẹ̀mí ẹlòmíràn, àti kí èèyàn fi ẹ̀sìn sílẹ̀ kó sì ya kúrò lára ìjọ. Lórí ẹ̀kẹta yẹn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ àtijọ́ ní wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún un láyè kó ronúpìwàdà. Àwọn mìíràn ní ẹni tó dojú ìjà kọ ìjọ ló ń bá wí. Ní tiwa níbí, nínú agboolé tí ẹ̀gbọ́n ń kírun tí àbúrò ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, abala 38 ìwé òfin ọdún 1999 gba oníkálukú láyè láti pààrọ̀ ẹ̀sìn. Kò sí kóòtù kan l'Óǹdó tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ká yáa fìyẹn sílẹ̀.

Súrà Al-Máídà, áyà 33, sọ̀rọ̀ àwọn tó ń dá ìlú láàmú, tí wọ́n ń dá èèyàn lọ́nà, tí wọ́n ń pànìyàn. Ìwà tí wọ́n hù ní Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, tí wọ́n ka àwọn olùjọsìn mọ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n yìnbọn lù wọ́n, mi ò mọ orúkọ mìíràn tí mo lè pè é. Ẹni tó bá hu irú ẹ̀ tó ń pe ara ẹ̀ ní Mùsùlùmí, áyà yẹn ò yọ ọ́ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí Ànábì fúnra rẹ̀ ṣe dá irú ẹjọ́ yìí. Ọkùnrin kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ tó ń jẹ́ Máìsì wá bá a, ó ní òun ti ṣe sìná, kí wọ́n wẹ òun mọ́. Ànábì gbójú kúrò lára ẹ̀. Ó yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó tún un sọ, títí ó fi di ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ànábì bi í bóyá orí ẹ̀ kò pé. Wọ́n gbóòórùn ẹnu ẹ̀ wò bóyá ọtí ló mu. Ó ní bóyá ó kàn fẹnu ko obìnrin náà lẹ́nu ni, tàbí ó kàn wò ó. Nígbà tí wọ́n wá dájọ́ òkò fún un, tí òkò ń bà á tó sá, tí wọ́n lé e bá tí wọ́n sì pa á, Ànábì ní, kí ló dé tẹ́ ò fi í sílẹ̀, bóyá ì bá ronúpìwàdà kí Ọlọ́hun sì gbà á. Ó tún sọ fún ẹni tó ní kó wá jẹ́wọ́ pé ká ní ó fi aṣọ ara ẹ̀ bò ó ni, ì bá sàn fún un. Obìnrin ẹ̀yà Gámídì tó wá jẹ́wọ́ sìná pẹ̀lú oyún ńkọ́? Wọ́n ní kó lọ bímọ. Ó bímọ tán, ó padà wá, wọ́n ní kó lọ fún un lọ́mú títí yóò fi já a lẹ́nu ọmú. Ìgbà tó tún dé, búrẹ́dì ti wà lọ́wọ́ ọmọ.

Láìsí ìjẹ́wọ́, ẹlẹ́rìí mẹ́rin ni Súrà An-Núúrù, áyà 4, béèrè. Ẹni tó bá fẹ̀sùn kan obìnrin tí kò rí wọn mú wá, òun ni wọn yóò na ní ọgọ́rin ẹgba. Ìwọ tó ń fi ìròyìn ìyàwó oníyàwó ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àwọn mẹ́ta yòókù dà? Ní Kàtsínà, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Ṣàríà ló dá Amina Lawal, obìnrin tí wọ́n ti dájọ́ òkò fún nítorí sìná, sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003. Lára ohun tí wọ́n rí ni pé adájọ́ kan ṣoṣo ló jókòó lé ẹjọ́ rẹ̀ níbi tó ti yẹ kó jẹ́ mẹ́ta.

Ti ìpànìyàn gan-an, Súrà Al-Bákárà, áyà 178, fún ẹbí òkú láyè láti dárí jì, kí wọ́n gba owó ẹ̀jẹ̀. Awakọ̀ tó ṣèèṣì gbá èèyàn pa lójú títì Àkúrẹ́ sí Iléṣà, owó ẹ̀jẹ̀ àti ètùtù ni tiẹ̀, kì í ṣe ikú.

Òfin ìjọba tó ń darí wa náà ò pọ̀ lọ títí: ìpànìyàn, ọ̀tẹ̀ láti dojú ìjọba bolẹ̀, ìdigunjalè. Ẹni tó fipá jalè láìsí ohun ìjà lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n ni. Kódà ẹni tí wọ́n ti dájọ́ ikú fún, gómìnà lè dárí jì í lábẹ́ abala 212 ìwé òfin ọdún 1999.

Nígbà náà, òfin wo lẹ ń lò nígbà tí wọ́n bá pariwo "olè!" lẹ́bàá Ọjà Ọba, tẹ́nì kan sáré lọ gbé táyà, tẹ́nì kan ń wá bẹntiróòlù, torí fóònù? Ànábì ní kò sẹ́ni tó ń fi iná jẹni níyà àfi Ọlọ́hun. Ìyá arúgbó tí wọ́n ń pè ní àjẹ́, abala 210 òfin ìwà ọ̀daràn sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tó pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì rò pé èrò pọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ pín. Sáídínà Úmárù pa gbogbo àwọn tó pawọ́ pọ̀ pa ẹnì kan, ó ní bó bá jẹ́ gbogbo ará ìlú Sánáà ní Yẹ́mẹ̀n ló lọ́wọ́ sí i, gbogbo wọn lòun ì bá pa. Ẹni tó gbé táyà wà níbẹ̀. Ẹni tó ń ya fídíò tó ń pariwo "ẹ dáná sun ún!", kó lọ bi ara ẹ̀ léèrè.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé àwọn èrò yìí kan náà, bí ọlọ́pàá bá mú ajínigbé gidi, tí wọ́n ní kí ẹni tó rí i wá sọ ohun tó rí ní kóòtù, wọn kì í sí nílé. Ọ̀kan ní òun ò fẹ́ wàhálà, èkejì ti pa fóònù. Ẹjọ́ á máa sún síwájú títí adájọ́ á fi tú ọkùnrin náà sílẹ̀. Súrà Al-Bákárà, áyà 283, ní ẹni tó bá fi ẹ̀rí pamọ́, ọkàn ẹ̀ ti dẹ́ṣẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti gba ìwé ìpè kóòtù tó wà nílé tí kò dáhùn, kó mú un lọ lọ́jọ́ Ajé.