Ẹ fẹ́ padà sórí BMX? Ẹ wọn ara yín kí ẹ tó kówó sílẹ̀

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin tèmi. Bí ẹ bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tàbí ogójì, tí ọkàn yín sì tún ń fà sí kẹ̀kẹ́ BMX tí ẹ gùn ní kékeré, ẹ jókòó tì mí. Mo fẹ́ kí ẹ padà sí i, kí ẹ sì pẹ́ lórí rẹ̀. Lójú tèmi, kì í ṣe ọjọ́ orí ló ń tètè lé àgbàlagbà kúrò lórí BMX, kẹ̀kẹ́ tí kò bá ara mu ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń lọ wá èyí tó jọ ti ìgbà èwe, a sì ń gbàgbé pé ara tó gun tọjọ́un kọ́ ló fẹ́ gun tòní.

Gúúsù California ni BMX ti bẹ̀rẹ̀, níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Àwọn ọmọ ibẹ̀ rí bí àwọn àgbà ṣe ń fi alùpùpù sáré nínú eruku, tí wọ́n ń fò lórí òkìtì, wọ́n ní àwọn náà á fi kẹ̀kẹ́ ṣe é. Kẹ̀kẹ́ Schwinn Sting-Ray, tó ti wà lọ́jà láti 1963, wà lára èyí tí wọ́n ń lò. Táyà ínǹṣì 20 ló ní, ìwọ̀n yẹn náà sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ BMX ń lò títí dòní, ọmọdé ni o, àgbà ni o.

Eré náà wọ Òlíḿpíìkì ní Beijing ní 2008. Ní ti Tokyo, tí wọ́n ṣe ní 2021, Bethany Shriever gba wúrà fún Britain, Kye Whyte sì gba fàdákà lọ́jọ́ kan náà. Ọmọ Peckham ní London ni Kye Whyte, ẹgbẹ́ BMX Peckham ló ti jáde wá, Burgess Park sì ni pápá wọn wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń lọ ra èlùbọ́ àti ata ní Rye Lane, ẹ ò jìnnà sí i rárá.

Ìbéèrè tó ṣáájú ni pé: ibo lẹ fẹ́ máa gùn ún? Ti eré sísá ní tirẹ̀. Èèyàn mẹ́jọ á tò sórí òkè, irin tó dí wọn lọ́nà á wó lulẹ̀, ó di wọ̀ọ̀! Ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ bí 300 sí 400 mítà, kó sì tó pé ìṣẹ́jú kan, ó ti parí. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe é fúyẹ́. Alumíníọ̀mù tàbí kábọ́ọ̀nù ló pọ̀ jù. Èyí tí wọ́n fi ń dárà ní títì àti ní pápá onísìmẹ́ńtì, irin ni, torí pé yóò máa lulẹ̀ lóòrèkóòrè. Bí ẹ ò bá tíì mọ èyí tó wù yín, ẹ mú ti irin. Kò sí ibi tí kò lè dé.

Wàyí o, ẹ wo ibí yìí dáadáa. Ọ̀pá tó wà lókè yìí, láti ọrùn ìjókòó dé ọrùn ọwọ́ kẹ̀kẹ́, òun ni mo torí rẹ̀ ṣe fídíò yìí. Níwọ̀n ìgbà tí táyà kò ti yàtọ̀, gígùn ọ̀pá yìí ni wọ́n fi ń ya kẹ̀kẹ́ ẹni gíga sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹni kúkúrú. Ínǹṣì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bí ẹ ò bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínǹṣì 6, ẹ wá 20 sí 20.5. Láti ibẹ̀ dé ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínǹṣì 10, 20.5 sí 20.75 ló dáa. Ẹni tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6, kó mú 21. Ẹni tó bá tún ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó wá 21.25 sókè. Ó lè dà bíi pé ìdá mẹ́rin ínǹṣì kan kò tó nǹkan. Ẹ gùn ún ná! Tó bá kúrú jù, orúnkún yín á máa gbá ọwọ́ kẹ̀kẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ yà, gbogbo ara yín á rọ̀ síwájú, òkìtì tí kò tó nǹkan á sì fẹ́ gbé yín ṣánlẹ̀. Tó bá gùn jù, ẹ ò ní lè fa iwájú rẹ̀ sókè láìjẹ́ pé ẹ̀yìn ń dùn yín.

Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà ti ga sí i ju ti àtijọ́ lọ. Nígbà kan, bí ínǹṣì 8 ló máa ń jẹ́. Ní báyìí ó ń lé ní 9. Ẹ má jẹ́ kí ìrísí rẹ̀ lé yín sá. Ẹni tó ga kò ní máa tẹ̀ba lórí rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé eré ìdárayá lásán lẹ ń wá, tẹ́ ẹ ò fẹ́ fò lórí àtẹ̀gùn tàbí kí ẹ yí kẹ̀kẹ́ lófuurufú, ẹ yẹ táyà ínǹṣì 24 wò, èyí tí wọ́n ń pè ní cruiser. Ó rọra ń gun orí gbágungbàgun kọjá, kò sì tètè ń mì. Nínú eré sísá, ó ní ìsọ̀rí tirẹ̀, àwọn tó ti lé ní ogójì ọdún sì pọ̀ níbẹ̀. Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tí orúnkún ti ń yọ lẹ́nu nìyẹn.

Ẹ béèrè irú irin tó jẹ́. Chromoly lẹ fẹ́, tí wọ́n tún máa ń kọ ní 4130. Ó le ju irin olówó pọ́ọ́kú lọ, torí náà wọ́n lè ṣe ọ̀pá rẹ̀ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kó sì tún gbé àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o. Àwọn kan á kọ chromoly gàdàgbà sára kẹ̀kẹ́, ọ̀pá ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo ló sì rí bẹ́ẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé gbogbo ọ̀pá ara rẹ̀ ńkọ́? Fọ́ọ̀kì iwájú ńkọ́? Ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ọmọ ọdún méjìlá lè gun irin lásán kó má ṣe é ní nǹkan kan. Èèyàn tó wọn 90 kílò, tó ń tòkè bọ́ sílẹ̀, ó máa tẹ̀ ẹ́.

Ẹ ó rí i pé àgbá eléyín iwájú tí ṣéènì ń yí lé kéré lára kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń dárà lóde òní, eyín rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ bíi 25. Ti àtijọ́ máa ń jẹ́ 44. Agbára tó ń gbà kò yàtọ̀: 44 pẹ̀lú 16 lẹ́yìn àti 25 pẹ̀lú 9 lẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Wọ́n kàn sọ ọ́ di kékeré kó má baà máa gbá etí kọnkéré ni. Ní ti bíréèkì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń padà bọ̀, ẹ má ṣe yọ tẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ ká wo àlòkù, nítorí ibẹ̀ lowó ti ń ṣòfò jù. Ẹ dojú kẹ̀kẹ́ dé. Ẹ fi ìka tọ ibi tí ọ̀pá ìsàlẹ̀ ti pàdé ọrùn iwájú, lábẹ́. Bí ọ̀dà ibẹ̀ bá hunjọ tàbí tó sán wẹ́wẹ́, kẹ̀kẹ́ náà ti lọ forí sọ nǹkan rí, irin ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ kí wọ́n máa tà á lọ. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ wò ó bóyá ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì méjèèjì bá ara mu. Ẹ di apá tí pẹ́dà so mọ́ mú, ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì: tó bá ń dún kọ̀, kọ̀, kọ̀, bérìn rẹ̀ ti lọ. Ẹ yí rímù, kí ẹ sì máa wo àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti bíréèkì. Kò gbọ́dọ̀ máa fẹ̀ kó máa fún. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ kẹ̀kẹ́ náà sábà máa ń wà lábẹ́ ibi tí pẹ́dà ti ń yí. Ní Britain, ẹ lè fi nọ́ńbà náà wo ìkànnì BikeRegister bóyá wọ́n jí i. Bí wọ́n bá ti fi fáìlì ha á kúrò, ẹ má ra á. Tòkunbọ̀ ni ẹ fẹ́ rà l'Ékòó? Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe yẹ ara rẹ̀ wò.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ ra akoto tó bá orí yín mu, ìbọ̀wọ́, àti ohun tí wọ́n fi ń bo orúnkún àti ojúgun. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sáré lórí pápá eré, akoto tó bo gbogbo ojú ni kí ẹ rà. Pẹ́dà oníke sàn fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, torí pé ti onírin a máa bó ojúgun.

Kí ẹ tó na owó kankan, ẹ wá ẹgbẹ́ BMX tó sún mọ́ yín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní Britain ló ń yá èèyàn ní kẹ̀kẹ́ àti akoto. Ẹ gun méjì tàbí mẹ́ta tí gígùn wọn yàtọ̀ síra. Èyí tẹ́ ẹ bá gùn tí ẹ̀yìn àti orúnkún yín kò sọ̀rọ̀, ẹ wọn ọ̀pá òkè rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú fóònù yín, nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ mú lọ sí ṣọ́ọ̀bù.