Wáìnì aláwọ̀ ọsàn: ẹ má mu ún láìsí oúnjẹ

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ jẹ́ ká tètè mú kinní kan kúrò nílẹ̀, kò sí ọsàn kankan nínú ọtí yìí, àjàrà funfun ni wọ́n fi ṣe é. Wáìnì funfun tá a mọ̀, kíá ni wọ́n máa ń ya omi àjàrà kúrò lára èèpo kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í hó, àmọ́ eléyìí, wọ́n á jẹ́ kí èèpo àti kóró wà nínú ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ tàbí oṣù bíi ti wáìnì pupa, ibẹ̀ ló ti ń gba àwọ̀, ibẹ̀ náà ló ti ń gba tánìn tó máa ń fún ẹnu pọ̀ bí ìgbà téèyàn ń jẹ obì.

Georgia ni mo fẹ́ ká lọ, èyí tó wà létí Òkun Dúdú o, kì í ṣe ti Amẹ́ríkà. Ní Kakheti níbẹ̀, wọ́n á tẹ àjàrà Rkatsiteli, wọ́n á da omi, èèpo, kóró, kódà ọ̀pá ìdí ẹ̀, sínú ìkòkò amọ̀ ràgàjì tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, qvevri lorúkọ ẹ̀, wọ́n á wá dé e pa fún bí oṣù 5 sí 6. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, ti fi iṣẹ́ yìí sínú ìwé àjogúnbá lọ́dún 2013. Josko Gravner, ará Ítálì kan tó ń ṣe wáìnì, lọ wò ó lọ́dún 2000, ó délé, ó ri ìkòkò tiẹ̀ náà mọ́lẹ̀.

Ibi tí mo ti ní ìjà pẹ̀lú àwọn èèyàn rèé: wọ́n á gbé ìgò yìí sínú fíríìjì títí á fi tutù bíi yìnyín, wọ́n á mu ún lásán, wọ́n á ní ó korò. Kò ní korò kẹ̀! Òtútù máa ń mú tánìn le sí i, ó tún ń pa òórùn ẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kó wà ní bí 14°C, ẹ rọ ọ́ sínú gíláàsì tó fẹ̀, ẹ gbóòórùn ẹ̀, ẹ máa gbọ́ oyin, tíì, èso gbígbẹ, síbẹ̀ tó bá dẹ́nu kò ní dùn bíi ṣúgà rárá. Tí kò bá mọ́ gaara, ẹ má bẹ̀rù, ọ̀pọ̀ wọn ni wọn kì í sẹ́. Àmọ́ tó bá ń rùn bíi fínígà, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ó dáa, oúnjẹ wá ńkọ́? Àwọn ará Georgia máa ń dín ìgbá gígùn tó ní àwọ̀ àlùkò, wọ́n á fi wálínọ́ọ̀tì lílọ̀ (kì í ṣe àsálà tiwa o) àti ááyù sínú ẹ̀, wọ́n á ká a, badrijani nìyẹn. Satsivi náà wà, tòlótòló nínú ọbẹ̀ wálínọ́ọ̀tì tí wọ́n ń jẹ ní tútù, khachapuri náà wà, búrẹ́dì tí ṣíìsì kún inú ẹ̀. Ọ̀rá àti purotéènì inú wọn ló ń di tánìn mú tí kì í fi í rí ahọ́n fún mọ́, ọtí náà á sì gbá òróró kúrò lẹ́nu, ẹ̀yin náà á tún fẹ́ bù sí i.

Ẹja tí wọ́n kàn bọ̀ lásán ò lè gbé e, ọtí á bò ó mọ́lẹ̀. Ẹnì kan béèrè ata. Ọtí máa ń jẹ́ kí ata ta sí i, tánìn náà tún ń dá kún un, torí náà tí ọbẹ̀ bá ta, ẹ wá ti Imereti, agbègbè míì ní Georgia, èèpo díẹ̀ ni wọ́n ń fi sí tiwọn. Ẹ má sì mu ìgò náà tán lálẹ́ kan, ẹ dé e, ẹ tún tọ́ ọ wò lọ́jọ́ kejì, òmíràn máa ń rọ̀ sí i.