Ọpọ́n Ìwẹ̀ Tó Pọ́n, Tó sì Bó: Bí Ẹ Ó Ṣe Tún Un Ṣe Fúnra Yín

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ẹ wo ọpọ́n ìwẹ̀ yìí. Ṣé ẹ rí ìlà pupa rúsúrúsú tó ti abẹ́ ẹnu ẹ̀rọ wá títí dé ihò omi? Ẹ tún wo etí rẹ̀ níbí: tánńganran ti bó, irin ti yọjú, ó sì ti dógùn-ún. Wọ́n ti ní kí onílé yọ ọ́ dànù, kó ra tuntun. Rárá o! A lè fi ọwọ́ ara wa tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú pípọ́n yẹn kúrò lọ́nà. Omi bọ́họ́ọ̀lù ló fà á. Irin wà nínú ilẹ̀, omi abẹ́ ilẹ̀ a sì máa gbé e wá. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á jáde, omi náà lè mọ́ gaara. Ìgbà tí atẹ́gùn bá kàn án ni irin inú rẹ̀ á tó pọ́n, tí á wá lẹ̀ mọ́ ara ọpọ́n.

Kí lọ̀pọ̀ èèyàn wá ń dà sí i? Hypo! Wọ́n á dà á sí i, ó di ọjọ́ kejì. Ẹ gbọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́: Hypo kì í mú àbàwọ́n irin kúrò. Iṣẹ́ tí atẹ́gùn ṣe lára irin tó fi pọ́n, iṣẹ́ yẹn náà ni Hypo tún ń bá a ṣe kún un. Ohun kíkan ló ń yọ irin. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ dára. Ìyẹ̀fun citric acid yá jù ú lọ. Ẹ pò ó mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní kọ̀rọ̀ kan, kẹ́ ẹ tó rẹ àkísà sínú ẹ̀, kẹ́ ẹ sì tẹ́ ẹ lé ojú àbàwọ́n náà fún bí ìṣẹ́jú 15. Ẹ fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́, ẹ ṣàn án. Bó bá ṣì kù, ẹ tún un ṣe. Ẹ má fi wáyà tí a fi ń fọ ìkòkò ha á o!

Mo máa pariwo èyí. Ẹ MÁ PO HYPO MỌ́ OHUN KÍKAN! Ì báà jẹ́ ọsàn, ì báà jẹ́ fínígà, ì báà jẹ́ ọṣẹ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní ásíìdì. Gáàsì chlorine ló máa jáde níbẹ̀. Májèlé ni, ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, balùwẹ̀ wa kò sì fẹ̀. Bí Hypo bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ ṣàn án kúrò pátápátá. Ásíìdì líle táwọn púlọ́mbà ń dà sílẹ̀ ńkọ́? Ẹ gbàgbé ẹ̀. Ó ń jẹ ojú tánńganran. Tí dídán yẹn bá ti lọ, ìdọ̀tí tuntun ti ríbi dì mú nìyẹn.

Ti ṣáwà tí ihò rẹ̀ ti dí kò le. Ẹ bu fínígà sínú ọ̀rá, ẹ so ọ̀rá náà mọ́ orí ṣáwà kí ihò rẹ̀ rì sínú ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan. Ihò tó bá ṣì dí, ẹ fi abẹ́rẹ́ ṣí i.

Ó yá, ibi tó bó wàyí. Ẹ fara balẹ̀ níbí, torí ibí ni gbogbo èèyàn ti ń sáré.

Ẹ gbé òòfà lé ara ọpọ́n. Bó bá lẹ̀, irin ni, tánńganran ni wọ́n fi bò ó. Bí kò bá lẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ rọ́bà líle, ẹ má fi tínà kàn án, ó lè yọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ra epoxy, ìyẹn àtè líle tí wọ́n ṣe fún ọpọ́n ìwẹ̀, èyí tí ẹ ó po oríṣi méjì inú rẹ̀ pọ̀.

Àwọn èèyàn á pò ó, wọ́n á lẹ̀ ẹ́, kò ní pẹ́ tí á fi ṣí kúrò. Wọ́n á ní ayédèrú ni wọ́n tà fáwọn. Epoxy kọ́! Ojú ibi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ni. Ṣé ẹ ti da omi sórí ewé kókò rí? Eré wa nìyẹn lóko bàbá mi àgbà nígbà tí a wà lọ́mọdé. Bí òjò bá ti dá, a ó máa mi ewé yẹn, omi á máa yí gbirigbiri lórí ẹ̀, kò ní rẹ ewé rárá. Títí dòní, mi ò lè kọjá lára kókò kí n má mi í. Ọpọ́n tó ń dán, tí ọ̀rá ọṣẹ ti bò, ewé kókò ni. Kò sí ohun tí epoxy máa dì mú níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ mú sánpépà 120 (nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ nìyẹn; bó bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni sánpépà náà á ṣe kúnná tó). Ẹ ha ìdógùn-ún yẹn títí irin á fi mọ́lẹ̀ kedere, kẹ́ ẹ sì ha díẹ̀ kọjá etí ibi tó bó. Ẹ fi ọṣẹ abọ́ fọ̀ ọ́, ẹ ṣàn án, ẹ fi sípírítì nù ún.

Ẹ wá jẹ́ kó gbẹ. Ó GBỌ́DỌ̀ GBẸ! Kì í ṣe gbígbẹ ojú lásán. Omi máa ń sá pa mọ́ sábẹ́ etí tánńganran tó bó, ẹ ò ní rí i. Ẹ ti ẹ̀rọ pa. Bó bá ń kán, ẹ so aṣọ mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun fẹ́ ẹ. Kẹ́nikẹ́ni má wẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó gbé garawa lọ síbòmíràn. Ẹ fọwọ́ kàn án. Bó bá tutù díẹ̀ báyìí, KÒ TÍÌ GBẸ!

Ìyókù rọrùn. Ẹ pò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí, ẹ fi í fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó gbẹ, ẹ tún fi òmíràn lé e. Lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ fi sánpépà 400 àti omi rọra fá a dọ́gba, kẹ́ ẹ sì fi 600 kẹ́yìn.

Ó ku sílíkónì etí ògiri, ìyẹn ohun bíi rọ́bà tí wọ́n fi ń dí àlàfo tó wà láàárín ọpọ́n àti ògiri. Ẹ yọ ògbólógbòó kúrò tán, kó gbẹ, kẹ́ ẹ sì fi omi kún ọpọ́n KẸ́ Ẹ TÓ FI TUNTUN SÍ I. Ọpọ́n tó gba lítà 150, kílò 150 ni omi inú rẹ̀ wọ̀n. Ìwọ̀n yẹn á fa ọpọ́n wálẹ̀, àlàfo ẹ̀gbẹ́ ògiri á ṣí dé ibi tó lè ṣí dé. Ẹ fi sílíkónì dí i báyẹn, ẹ fi omi náà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá ṣí ihò tí omi lọ, ọpọ́n á gbéra sókè, á fún sílíkónì náà pọ̀. Bí ẹ bá sì wọlé wẹ̀, kò ní ya.