Owó Tí Àǹtí Bísí Dá

Àǹtí Bísí: Kúnlé, ímeèlì ọjọ́sí yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi o.

Kúnlé: Ẹ tún ti dé. Mo ti ń gba ohùn wa sílẹ̀ fún ètò wa o.

Àǹtí Bísí: Jẹ́ n sọ ọ́. Ẹgbẹ́ oníṣẹ́ wa ní ká dáwó, kí wọ́n fi gba àwọn tó máa lọ bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀, ìyẹn lọ́bì, kí ẹ̀kọ́ṣẹ́ ọdún kan lè di ọdún méjì. Wọ́n ní torí ààbò àwọn oníbàárà ni.

Kúnlé: Ìyẹn ò burú.

Àǹtí Bísí: Ààbò wo? Káwọn tuntun má bàa tètè wọlé ni! Ìsàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà wínníwínní, ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kò kan àwa tá a ti wà níbẹ̀.

Kúnlé: Awò wo lẹ fi rí i? Èyí tẹ́ ẹ jókòó lé?

Àǹtí Bísí: Fi awò mi sílẹ̀ jàre! Ní 1967, Gordon Tullock, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, ní ká wo olè. Owó tí olè jí ò kúrò láyé, ọwọ́ ẹlòmíì ló bọ́ sí. Àgádágodo tí mo rà torí ẹ̀ ńkọ́? Irin tó fi já a? Gbogbo òru tó fi ṣọ́ ilé mi? Òfò pọ́ńbélé! Lọ́bì náà nìyẹn. Orí pípé tó yẹ kó máa ṣe nǹkan tuntun, ọ̀dẹ̀dẹ̀ aṣòfin ló jókòó sí.

Kúnlé: Àwọn aláìsàn náà ń lọ́bì o. Ṣé kí wọ́n dákẹ́ ni?

Àǹtí Bísí: Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀.

Kúnlé: Ẹ fẹ́ẹ̀ sọ ọ́.

Àǹtí Bísí: Ó dáa, mo gbà. Ta ló lówó ẹ̀ jù? Ní 2004, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà lọ́bì títí owó orí èrè tí wọ́n kó wálé láti òkè òkun fi já láti 35% sí 5.25% fún ọdún kan. Wọ́n ní àwọn á fi gba òṣìṣẹ́. Èyí tó pọ̀ jù, ọwọ́ àwọn onípìn-ín ló lọ!

Kúnlé: Àwọn èèyàn ò sì pariwo?

Àǹtí Bísí: Mancur Olson, onímọ̀ ọrọ̀ ajé míì, ti dáhùn ẹ̀ ní 1965. Àwọn díẹ̀ tó máa jèrè rẹpẹtẹ tètè ń para pọ̀. Ẹni tó máa pàdánù sẹ́ńtì mẹ́ta ńkọ́? Ìwọ, wàá torí sẹ́ńtì mẹ́ta wọ́de?

Kúnlé: Èmi tí mi ò tíì gba páálì!

Àǹtí Bísí: (ẹ̀rín) Kò burú, jókòó jẹ́ẹ́.

Kúnlé: Kí lẹ wá fèsì sí ímeèlì yẹn?

Àǹtí Bísí: Ẹ̀n?

Kúnlé: Àǹtí?

Àǹtí Bísí: Mo ti sanwó.

Kúnlé: Háà! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bú olè látàárọ̀!

Àǹtí Bísí: Owó ilé ń bọ̀, ọmọ méjì wà nílé ìwé... Kúnlé, gé ibẹ̀ yẹn kúrò o!

Kúnlé: Mi ò gé nǹkan kan.