Ọmọ Tó Sùn Nínú Ilé Ọlọ́run

Ẹ kà: 1 Samuẹli 3:1-10, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 20:7-12

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará nínú Olúwa. Ẹ kú àjíǹde ara. Ògo ni fún Ẹni tí kì í tòògbé, tí kì í sì í sùn, tó ṣọ́ wa mọ́jú.

Ẹ wo ibi tí Samuẹli wà nígbà tí Ọlọ́run pè é. Oorun ló ń sùn. Àmọ́ inú tẹ́ḿpìlì ló sùn sí, níbi tí àpótí Ọlọ́run wà, fìtílà kò sì tíì kú. Hánà ìyá rẹ̀ ló mú un débẹ̀.

Mi ò lè ka ibẹ̀ kí n má rántí àìsùn ìjọ Kérúbù àti Séráfù tí wọ́n ń pọ̀n wá lọ ní kékeré. Ẹnu ọ̀nà la ti ń bọ́ bàtà, nítorí ohun tí Ọlọ́run sọ fún Mósè nídìí igbó tó ń jó. Aṣọ funfun ni tọmọdé tàgbà wọ̀. Àwọn ìyá wa á tẹ́ ẹní sẹ́yìn, wọ́n á tò wá sórí ẹ̀, wọ́n á fi ìró bò wá, àwọn á wá kọjú sí pẹpẹ. Tí agogo bá dún, tí igbe "Mímọ́! Mímọ́! Mímọ́!" bá gbalé kan, a ó lajú fírí nínú òórùn tùràrí àti àbẹ́là. Ẹsẹ̀ lásán tó ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí wa la máa ń rí. Ẹ̀mí á gbé aríran, ẹnì kan á ti yára mú ìwé àti bírò, á máa kọ ohun tó ń sọ. Oorun á tún gbé wa lọ. Bí ilẹ̀ bá ń mọ́, wọ́n á jí wa, wọ́n á fún wa lómi àdúrà mu, kálukú á wá bàtà rẹ̀ lọ nínú òkìtì.

Àwọn kan a máa bi àwọn ìyá wa pé kí lọmọ tó ń sùn fẹ́ gbọ́. Ẹ̀yin ará, a gbọ́ o! Orin tẹ́nikẹ́ni ò jókòó kọ́ mi, òun ló ń wá sí mi lẹ́nu títí dòní bí ìṣòro bá dé.

Ọ̀dọ́ wà nídìí ìjọ náà látilẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1925, ọmọdébìnrin tí kò tíì pé ogún ọdún, Abíọ́dún Akínsọ̀wọ́n, rí ìran l'Ékòó nígbà ìwọ́de Kọ́pọ́sì Kírísítì àwọn Kátólíìkì, kò sì mọ ara mọ́. Mósè Orímọládé, ọmọ Ìkàrẹ́, ni wọ́n ránṣẹ́ pè. Ó gbàdúrà fún un, ara rẹ̀ balẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà ti ṣẹ̀.

Ẹ sì rántí Yútíkù ní Tíróásì. Pọ́ọ̀lù wàásù dé ọ̀gànjọ́ òru, ọmọ náà sùn lójú fèrèsé, ó ṣubú láti àjà kẹta. Pọ́ọ̀lù ò bá a wí. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbá a mọ́ra, wọ́n sì mú ọmọ náà wá láàyè.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fọmọ sílé nítorí pé yóò sùn. Bí ẹ bá ń gbàdúrà òwúrọ̀, tí wọn ò tíì jí, ẹ lọ gbà á lẹ́bàá ibùsùn wọn. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ sì ti dàgbà, tó ti kẹ̀yìn sílé Ọlọ́run, ẹ má sọ̀rètí nù: ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Samuẹli ṣi ohùn náà gbọ́, Ọlọ́run tún pè é lẹ́ẹ̀kẹrin.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Baba, a dúpẹ́ fún àwọn ìyá tó pọ̀n wá wá sọ́dọ̀ Rẹ. Àwọn tó ṣì wà láyé, fún wọn lálàáfíà.

Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí fìtílà Rẹ kú nínú ilé wa.

Ọmọ wa tó bá ti ṣubú, sọ̀ kalẹ̀ tọ̀ ọ́ lọ, gbá a mọ́ra, dá a padà fún wa láàyè.

Pe àwọn ọmọ wa lórúkọ lónìí, ní ilé ìwé, lẹ́nu iṣẹ́, lójú ọ̀nà, kí wọ́n sì dá Ọ lóhùn.

Ní orúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.